Àyẹ̀wò Exoplanet Watch ti NASA: wíwọn pílánẹ́ẹ̀tì ńlá HAT-P-32 b láìní tẹlisíkóòpù

Ọ̀fẹ́ ni Exoplanet Watch, ètò NASA (àjọ ìwádìí òfurufú Amẹ́ríkà) tó ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọn pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí ìràwọ̀ mìíràn po, tí kì í ṣe oòrùn wa. Kò sí ibi tí wọ́n ti máa bi yín ní nọ́ńbà káàdì báǹkì, kò sì sí pé oṣù kìíní jẹ́ ọ̀fẹ́ kí oṣù kejì wá di owó. Ohun tó máa ná yín ni dátà, kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àti sùúrù ọ̀sán kan. Ohun tó máa bọ́ sí yín lọ́wọ́ ni nọ́ńbà méjì tí ẹ fi ọwọ́ ara yín wọ̀n: bí pílánẹ́ẹ̀tì kan tó wà níbi tó ju 900 ọdún ìmọ́lẹ̀ lọ (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn dé lọ́dún kan) ṣe tóbi tó, àti ìṣẹ́jú gan-an tó dé àárín ojú ìràwọ̀ tó ń yí po.

Kí n tètè sọ ìdájọ́ mi: iṣẹ́ yìí dára gan-an, ó sì yẹ kí olùkọ́ físíìsì àti akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti ní íntánẹ́ẹ̀tì lò ó. Ṣùgbọ́n ó ní ibi méjì tó ti máa ń gbé èèyàn ṣubú, ìyẹn yíyan ìràwọ̀ àti ṣíṣa àwòrán. Ibẹ̀ ni mo máa pẹ́ sí jù.

Ohun tí ẹ ń gbà

NASA ló ni ètò náà. Apá kìíní rẹ̀ ni EXOTIC, sọ́fútíwíà tí wọ́n fi Python, èdè kọ̀ǹpútà kan, kọ, tí gbogbo ayé lè rí inú rẹ̀ lórí GitHub, ìkànnì tí àwọn olùkọ sọ́fútíwíà ń kó iṣẹ́ wọn sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wọn ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, kó tò ó sórí gíráàfù bí wákàtí ṣe ń lọ, kó sì wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà ti rẹlẹ̀ nítorí pé pílánẹ́ẹ̀tì gba iwájú ìràwọ̀ náà kọjá. Apá kejì ni àwòrán fúnra wọn, fún ẹni tí kò ní tẹlisíkóòpù. Púpọ̀ nínú àwọn àwòrán yìí wá láti MicroObservatory, ìyẹn àwọn tẹlisíkóòpù kékeré tí àwọn onímọ̀ Harvard àti Smithsonian ń bójú tó. Díńgí wọn kò ju ínǹṣì 6 lọ, wọ́n sì ń dá ṣiṣẹ́ lóru ní Arizona láìsí ẹnì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ máa béèrè fún àwòrán, ẹ ó sì gba àkójọ tí wọ́n yà ní òru kan, ìràwọ̀ kan náà, lemọ́lemọ́.

Ẹ má fojú kéré ínǹṣì 6. Lọ́dún 1999, tẹlisíkóòpù tó jẹ́ sẹ̀ńtímítà 10 péré ni awòràwọ̀ David Charbonneau àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi rí pílánẹ́ẹ̀tì HD 209458 b bó ṣe gba iwájú ìràwọ̀ rẹ̀ kọjá, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ínǹṣì 6 jẹ́ sẹ̀ńtímítà 15, ó sì ju ìyẹn lọ. Kì í ṣe títóbi díńgí ló ń fúnni ní èsì níbí, bí kò ṣe kí pílánẹ́ẹ̀tì náà tóbi, kí ìràwọ̀ rẹ̀ má sì ṣókùnkùn jù.

Ìdí nìyẹn tí ètò yìí fi ń fi HAT-P-32 b kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọdún 2011 ni wọ́n kéde rẹ̀. Ìràwọ̀ rẹ̀ wà ní agbègbè Andromeda, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà ní ìpele 11.3 (bí nọ́ńbà ìpele bá ṣe kéré tó ni ìràwọ̀ ṣe ń tàn tó), tó túmọ̀ sí pé ojú lásán kò lè rí i, àmọ́ kò nira fún tẹlisíkóòpù kékeré. Pílánẹ́ẹ̀tì náà fẹ̀ tó Júpítà ní ìlọ́po 1.8, síbẹ̀ kò wúwo tó Júpítà. Ó wú bíi puff-puff tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú òróró gbígbóná, ooru ìràwọ̀ rẹ̀ ló sì fà á, nítorí ó sún mọ́ ọn débi pé ọjọ́ 2.15 ló fi ń yí i po lẹ́ẹ̀kan. Afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ ń jò dànù: lọ́dún 2023, àwọn onímọ̀ tó lo Hobby-Eberly Telescope ní Texas ròyìn ìrù gáàsì hílíọ̀mù tó nà níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, tó gùn ju ìlọ́po 50 ìdajì ìbú pílánẹ́ẹ̀tì náà lọ. Tẹlisíkóòpù ínǹṣì 6 kò lè rí ìrù yẹn. Ara pílánẹ́ẹ̀tì náà gan-an lẹ máa wọ̀n.

Bó bá gba iwájú ìràwọ̀ rẹ̀ kọjá, ohun tí a ó máa pè ní ìkọjá, ó máa ń gbà tó wákàtí 3, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà a sì dín kù ní ìdá 2.2 nínú 100 tàbí kó lé díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ dúró lórí òkè lálẹ́, ẹ ń wo ọjà kan lọ́ọ̀ọ́kán tí wọ́n tan 100 àtùpà sí, méjì nínú wọn wá kú. Bó ṣe máa hàn sí yín nìyẹn. Ojú lásán kò ní mọ̀ ọ́n, kámẹ́rà á mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì tó mọ bí Ayé tiwa ló gba iwájú ìràwọ̀ bí oòrùn, kò tó ìdá kan nínú 10,000 tó máa dín. Àwọn òmìrán ni iṣẹ́ yìí wà fún, ẹ má fi wá pílánẹ́ẹ̀tì kékeré.

Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀

Ọ̀nà méjì ló wà láti lo EXOTIC. Ẹ lè fi í sórí kọ̀ǹpútà yín, tàbí kí ẹ lò ó lórí Google Colab, níbi tí kọ̀ǹpútà Google ti máa ṣe iṣẹ́ náà fún yín. Bí ẹ kò bá ti ń lo Python tẹ́lẹ̀, ẹ má wulẹ̀ dán ti àkọ́kọ́ wò. Àwọn ohun tó ń bá a rìn pọ̀, bí ẹ̀dà ọ̀kan kò bá sì bá ti èkejì mu, ọjọ́ kan lè lọ sí orí fífi í sílẹ̀ nìkan. Colab ni kí ẹ lò. Àkọọ́lẹ̀ Google lásán ti tó.

Láti ojú ìwé Exoplanet Watch ni ẹ ti máa ṣí ìwé iṣẹ́ EXOTIC tó wà fún Colab. Ó pín sí àpótí-àpótí, àpótí kọ̀ọ̀kan sì ní àmì kékeré tí a ń tẹ̀ kó lè ṣiṣẹ́. Láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ni, ẹ má fo ọ̀kankan. Àpótí tó ń gbé EXOTIC wọlé máa ń gba ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ fi í sílẹ̀ kó parí. Lẹ́yìn náà ni yóò béèrè àṣẹ láti wọ Google Drive yín, nítorí ibẹ̀ ni àwòrán yín máa wà, ibẹ̀ náà ni èsì máa bọ́ sí.

Lórí ọ̀rọ̀ dátà, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Àwòrán MicroObservatory kọ̀ọ̀kan jẹ́ píksẹ́ẹ̀lì 650 ní ìbú àti 500 ní gíga, fáìlì kan sì ń lọ sí bíi 650 kílóbáìtì. Òru kan lè ní àwòrán tó ju 100 lọ. Bí ẹ bá ní 140, ó ti sún mọ́ mẹ́gábáìtì 90 nìyẹn. Ẹni tó bá gbà á sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó tún gbé e padà lọ sórí Drive, ti ná dátà náà lẹ́ẹ̀mejì láìnídìí. Bí àwòrán bá ti wà nínú fódà Drive tí wọ́n pín fún yín, ẹ fi ọ̀nà àbùjá rẹ̀ sínú Drive tiyín, EXOTIC á kà á níbẹ̀. Àwọn àwòrán ìdánrawò HAT-P-32 b, tí wọ́n yà ní ọjọ́ 20 oṣù December 2017, kò tiẹ̀ kan Drive yín: ìwé iṣẹ́ ìdánrawò ń fà wọ́n wọ Colab tààrà láti GitHub. Ẹ fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, ẹ ó sì lè mọ̀ bóyá èsì yín jọ ti àwọn tó ṣáájú yín.

Ẹ tẹ orúkọ pílánẹ́ẹ̀tì náà bó ṣe wà: HAT-P-32 b, pẹ̀lú àmì ìdè méjèèjì àti àlàfo ṣáájú b. Orúkọ yìí ni EXOTIC ń gbé lọ sí NASA Exoplanet Archive láti mú ohun tí wọ́n ti mọ̀ wá: iye ọjọ́ tó fi ń yí po, bí ìràwọ̀ náà ṣe gbóná tó, ìgbà tí wọ́n retí ìkọjá. Láìsí àwọn nọ́ńbà yìí, kò ní mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan.

Yíyan ìràwọ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà. EXOTIC máa fi àwòrán kan hàn yín, dúdú ni gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tótòtó funfun, yóò sì ní kí ẹ fi HAT-P-32 hàn án, ìyẹn ìràwọ̀ tí pílánẹ́ẹ̀tì HAT-P-32 b ń yí po. Wọ́n á fún yín ní àwòrán atọ́nà tó fi ibi tí ìràwọ̀ náà wà hàn, ṣùgbọ́n atọ́nà yẹn lè yí sódì sí àwòrán yín, tàbí kí òsì di ọ̀tún. Ẹni tó bá wo igun nìkan á mú ìràwọ̀ ẹlòmíràn. Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ wá ìràwọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tò lọ́nà tí kò ṣeé gbàgbé nínú atọ́nà, bóyá igun mẹ́ta kan pẹ̀lú ìràwọ̀ tó tàn jù ní ṣóńṣó rẹ̀, kí ẹ wá igun mẹ́ta yẹn nínú àwòrán yín, kí ẹ tó gba ibẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ HAT-P-32.

Bí ẹ bá gbé atọ́ka sórí ìràwọ̀ náà, nọ́ńbà méjì á hàn. Ti ìbú ló ṣáájú, ti gíga ló tẹ̀ lé e, inú àkámọ́ onígun ni ẹ ó sì kọ wọ́n sí, báyìí: [424, 286]. Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ pé ẹ ti kọ wọ́n sódì: àwòrán kò ga ju 500 lọ, nítorí náà bí nọ́ńbà kejì bá ti kọjá 500, ẹ ti fi ẹsẹ̀ sí ipò orí. Àmọ́ bí nọ́ńbà méjèèjì bá kéré, kò sí ohun tó máa kìlọ̀ fún yín. Ẹ tún un wò kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Lẹ́yìn ìràwọ̀ tí ẹ ń wọ̀n, ẹ ó yan àwọn ìràwọ̀ ìfiwéra. Ìdí tí wọ́n fi ṣe pàtàkì ni pé afẹ́fẹ́ tó wà lókè wa kì í dúró sójú kan. Bí ìràwọ̀ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí ojú ọ̀run, afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń là kọjá ń pọ̀ sí i, ìmọ́lẹ̀ náà ń dín kù, ìyẹn sì lè ju ìdá 2 nínú 100 tí ẹ ń wá lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ìràwọ̀ kan ló bá èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ìyá olóúnjẹ bá fi kóńgò kan náà wọn gàárì fún oníbàárà méjì, tí kóńgò náà sì kéré, ti àwọn méjèèjì ló máa dín. Ẹni tó ra ìlọ́po méjì ṣì ní ìlọ́po méjì. Nítorí náà EXOTIC kì í gba ìmọ́lẹ̀ HAT-P-32 gbọ́ lásán. Ó ń pín in pẹ̀lú ti ìràwọ̀ ìfiwéra, ohun tó bá sì kù lẹ́yìn ìyẹn ni ti pílánẹ́ẹ̀tì.

Kí ìràwọ̀ ìfiwéra tó dára, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ sún mọ́ ti èyí tí ẹ ń wọ̀n. Bó bá ṣókùnkùn jù, ariwo inú rẹ̀, ìyẹn ìyípadà ìmọ́lẹ̀ tí kò nítumọ̀, ló máa kó bá gíráàfù yín. Bó bá tàn jù, ó lè ti kún dẹ́nu nínú kámẹ́rà, gẹ́gẹ́ bí garawa tó kún, tí omi tó kù ń dà sílẹ̀: ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dín kù nígbà tó yẹ kó dín. Kó má wà létí àwòrán, torí tẹlisíkóòpù máa ń sún díẹ̀díẹ̀ láàárín òru, ìràwọ̀ tó wà létí lè jáde kúrò nínú àwòrán ní wákàtí kẹta. Kó má ní ìràwọ̀ mìíràn tó lẹ̀ mọ́ ọn. Píksẹ́ẹ̀lì kan nínú àwòrán MicroObservatory gba ìṣẹ́jú-àáyá ìgun 5 lójú ọ̀run (ìṣẹ́jú-àáyá ìgun kan jẹ́ ìdá kan nínú 3,600 dìgírì kan), ìràwọ̀ méjì tó bá sún mọ́ra ju ìyẹn lọ ti di ọ̀kan nìyẹn. HAT-P-32 gan-an ní ìràwọ̀ pupa kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó jìn sí i ní ìṣẹ́jú-àáyá ìgun 2.9 péré, ẹ kò ní rí i lọ́tọ̀ láé, àmọ́ ó ṣókùnkùn débi pé kò ba èsì jẹ́ ní ìwọ̀n tí a ń sọ yìí. Èyí tó burú jù ni ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ ń lọ sókè sódò fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fi irú rẹ̀ ṣe ìfiwéra, pílánẹ́ẹ̀tì tí kò sí lè jáde.

Ẹ yan tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ má yan ẹyọ kan. EXOTIC á dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, á sì mú èyí tí àmì rẹ̀ kò fọ́n ká púpọ̀. Bí ẹ bá fún un ní ẹyọ kan tí kò dára, kò sí ohun tó máa fi rọ́pò rẹ̀.

Ṣíṣa àwòrán

Kí ẹ tó jẹ́ kó ṣiṣẹ́, ẹ wo gbogbo àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ó sì tó gbogbo ohun yòókù lérè. Èyí tí kùrukùru bò, tí ìràwọ̀ rẹ̀ ti di fífẹ́lẹ́, ẹ yọ ọ́. Èyí tí ìràwọ̀ rẹ̀ gùn bí ìlà nítorí pé tẹlisíkóòpù mì, ẹ yọ ọ́. Èyí tó funfun nítorí ilẹ̀ ti ń mọ́, ẹ yọ òun náà. Ẹ má pa á rẹ́ pátápátá, ẹ gbé e lọ sínú fódà mìíràn, nítorí ẹ lè fẹ́ padà yẹ̀ ẹ́ wò. Àwòrán òkùnkùn, ìyẹn èyí tí wọ́n yà nígbà tí kámẹ́rà wà ní títì pa, kò gbọ́dọ̀ wà láàárín àwọn tó kù. Fódà tirẹ̀ ni kó wà, EXOTIC á sì fi í yọ ariwo kámẹ́rà kúrò.

Ẹ ṣọ́ra fún ìdẹwò kan: ẹ má yọ àwòrán kan torí pé àmì rẹ̀ lórí gíráàfù kò bá ìlà mu. Ohun tí ojú yín rí nínú àwòrán fúnra rẹ̀ nìkan ni kó jẹ́ ìdí. Bí ẹ bá ń yọ àmì tí kò wù yín, ẹ kò wọn nǹkan kan mọ́.

Ìkọjá náà sì gbọ́dọ̀ pé. Ó yẹ kí àwòrán wà fún bí ìdajì wákàtí sí wákàtí kan kí ìmọ́lẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín, kó sì wà fún bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tó ti padà bọ̀ sípò. Bí ìbẹ̀rẹ̀ kò bá sí, tàbí òpin, EXOTIC á ṣì fún yín ní àárín ìkọjá náà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ọ̀hún kò ní lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Kíka èsì

Bó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ má pa ojú ìwé náà dé, ẹ má sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà sùn. Colab máa ń já ẹni tó bá fi í sílẹ̀ pẹ́ jù láìfọwọ́ kàn án, bó bá sì ti já, àpótí àkọ́kọ́ lẹ ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí iná tàbí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í dúró, kó ṣe é nígbà tí bátìrì kún. Orí fóònù, ojú ìwé náà á ṣí, ṣùgbọ́n kíka nọ́ńbà ìràwọ̀ lórí ojú fóònù tó kéré nira púpọ̀. Mi ò gbà yín níyànjú.

Nígbà tó bá parí, gíráàfù kan á jáde: àwọn àmì kéékèèké tó fọ́n ká, ìlà pupa kan sì là wọ́n kọjá bí abọ́ pẹrẹsẹ tó dojú sókè. Lábẹ́ rẹ̀ ni nọ́ńbà wà. Ẹ wo Rp/Rs, ìyẹn ìbú pílánẹ́ẹ̀tì sí ti ìràwọ̀. Fún HAT-P-32 b, ó yẹ kó wà ní àyíká 0.15. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀: 0.15 lọ́nà 0.15 jẹ́ 0.0225, ìdá 2.25 nínú 100 nìyẹn, òun sì ni ìmọ́lẹ̀ tó dín. Láti mọ bó ṣe tóbi tó ní kìlómítà, ìdajì ìbú ìràwọ̀ náà jẹ́ ti oòrùn ní ìlọ́po 1.22, ti oòrùn sì jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 696,000. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.15, ẹ ó rí nǹkan bíi 127,000. Ti Júpítà jẹ́ 71,492. Ẹ pín in, ẹ ó bá a ní ìlọ́po 1.78. Àwòrán tẹlisíkóòpù ínǹṣì 6 lẹ fi ṣe ìyẹn o.

Ẹ tún wo bí àmì ṣe fọ́n ká sí, tí EXOTIC ń kọ ní ìdá nínú 100. Bó bá wà lábẹ́ 1, ẹ lè fọkàn balẹ̀. Bó bá ti ju bí ìmọ́lẹ̀ ṣe dín lọ, ẹ padà sí ìràwọ̀ ìfiwéra yín. Mo ní láti tẹnu mọ́ èyí nítorí pé kò sí bí àwòrán ṣe lè burú tó, sọ́fútíwíà yìí á ṣì gbìyànjú láti fa ìlà pupa sí i. Ìlà tó jáde kì í ṣe ẹ̀rí pé pílánẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ bo ìlà náà, kí ẹ wo àwọn àmì nìkan: ṣé wọ́n lọ sílẹ̀ lóòótọ́, ṣé wọ́n sì padà gòkè?

Nọ́ńbà tí àwọn onímọ̀ ń dúró dè jù ni àkókò àárín ìkọjá. Ká ní iye ọjọ́ tí a mọ̀ pé ó fi ń yí po fi ìṣẹ́jú-àáyá kan péré yẹ̀. Láàárín ọdún 10, ó ti yí po ní ìgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,700, àṣìṣe náà sì ti di ìṣẹ́jú 28. Tẹlisíkóòpù bíi James Webb, tí gbogbo ayé ń tò sí ìlà láti lò, kò lè máa dúró de pílánẹ́ẹ̀tì tó pẹ́ dé. Ìwọ̀n tuntun ló ń tún aago yẹn ṣe. Ó sì lè fi ohun tó ju aago hàn: pílánẹ́ẹ̀tì WASP-12 b ń sún mọ́ ìràwọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kíka àkókò ìkọjá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Láti fi èsì ránṣẹ́, AAVSO ni ẹ ó forúkọ sílẹ̀ sí, ẹgbẹ́ awòràwọ̀ Amẹ́ríkà tó ti wà láti ọdún 1911. Wọ́n á fún yín ní àmì olùwòye, lẹ́tà díẹ̀ ni, ẹ kò sì ní sanwó ọmọ ẹgbẹ́ kí ẹ tó gbà á. Ẹ fi àmì yìí sínú EXOTIC kí ẹ tó jẹ́ kó ṣiṣẹ́, kó lè wà nínú fáìlì tó máa kọ fún AAVSO. Ẹ ṣí fáìlì náà kí ẹ kà á: ọjọ́, orúkọ pílánẹ́ẹ̀tì, àti fílítà. Bí wọ́n bá fi ìwọ̀n yín kọ ìwé ìmọ̀, Exoplanet Watch ṣèlérí pé orúkọ yín á wà lára àwọn tó kọ ọ́. Mo ka ìyẹn sí ọlá ńlá fún ẹni tí kò ní ju kọ̀ǹpútà kan lọ.

Ohun tó dùn mí ni pé mi ò rí ìtọ́sọ́nà rẹ̀ kankan ní Yorùbá. Olùkọ́ tó bá fẹ́ fi kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní èdè wa máa ní láti tú u fúnra rẹ̀.

Fún ẹni tó ní tẹlisíkóòpù tirẹ̀

Láti Ìbàdàn, HAT-P-32 máa ń ga tó nǹkan bíi dìgírì 50 ní ìhà àríwá, ìrọ̀lẹ́ November sí January ló sì dára jù. Àmọ́ ìgbà ọyẹ́ nìyẹn, eruku máa ń bo ojú ọ̀run. Ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá funfun bí omi ògì, ẹ má wulẹ̀ gbé e jáde. Ìkọjá wákàtí 3 pẹ̀lú wákàtí kan ṣáájú àti kan lẹ́yìn jẹ́ wákàtí 5, kí bátìrì tẹlisíkóòpù àti ti kọ̀ǹpútà lè gbé e dópin. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mú aago rẹ̀ láti íntánẹ́ẹ̀tì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, torí aago tó fi ìṣẹ́jú méjì yẹ̀ máa fi ìṣẹ́jú méjì yẹ èsì yín. Bí ẹ bá ń kọ ibi tí ẹ wà sínú EXOTIC, ìlà-oòrùn àti àríwá ni àmì ròpọ̀, ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù ni àmì yọkúrò. Ìbàdàn jẹ́ ròpọ̀ lọ́nà méjèèjì. Arizona jẹ́ yọkúrò ní ti ìwọ̀-oòrùn, ẹ má ṣe fi ti àwòrán ìdánrawò sílẹ̀ nínú fáìlì yín.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà á fẹ́ kọ́kọ́ wá Equiano, pílánẹ́ẹ̀tì tí orílẹ̀-èdè wa sọ lórúkọ lọ́dún 2019, tó ń yí ìràwọ̀ Amadioha po. Òmìrán ni òun náà, ó sì wuyì púpọ̀ pé orúkọ ọkùnrin tí wọ́n kó lẹ́rú, tó sì gba òmìnira ara rẹ̀, wà lójú ọ̀run. Ṣùgbọ́n bí ìràwọ̀ rẹ̀ ṣe ń mì síwá sẹ́yìn ni wọ́n fi rí i, kì í ṣe bó ṣe gba iwájú rẹ̀ kọjá, nǹkan bíi ọjọ́ 328 ló sì fi ń yí i po. EXOTIC kò lè ṣe nǹkan kan fún yín lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn HAT-P-32 b, pílánẹ́ẹ̀tì TrES-3 b ni mo máa ní kí ẹ mú. Ìràwọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀ ju ti ìṣáájú, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń dín ju ìdá 2 nínú 100 lọ, ìkọjá rẹ̀ kò sì tó wákàtí kan àtààbọ̀, bátìrì kan lè gbé e parí. HD 189733 b ń wu ọ̀pọ̀ èèyàn nítorí pé kò jìn tó 70 ọdún ìmọ́lẹ̀, ìràwọ̀ rẹ̀ sì tàn dé ìpele 7.7. Títàn yẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀: ó tètè ń kún dẹ́nu nínú kámẹ́rà, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ẹ rí ìràwọ̀ ìfiwéra tó tàn bíi tirẹ̀ nínú àwòrán kan náà. Ẹ dín àkókò tí kámẹ́rà fi ń lajú kù sí ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, tàbí kí ẹ yí ìríran tẹlisíkóòpù díẹ̀ kí ìràwọ̀ lè tàn káàkiri píksẹ́ẹ̀lì púpọ̀, kí ẹ sì yẹ àwòrán méjì-mẹ́ta wò kí ìkọjá tó bẹ̀rẹ̀.